Ìdí Tí Ike Kan Fi Le, Tí Òmíràn Sì Rọ̀

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí a ń fi eyín ya àti kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọnmi, irú ike kan náà ni: polyethylene. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n nínú méjèèjì. Bí ẹ̀wọ̀n náà ṣe rí ni kò dọ́gba.

Ẹ̀wọ̀n ti inú ọ̀rá yọ ẹ̀ka káàkiri. Ẹni tó bá ti di igi ìdáná tí wọn kò ré ẹ̀ka rẹ̀ rí á mọ̀ pé àyè kì í tán láàárín rẹ̀. Àwọn ẹ̀wọ̀n yìí kò lè sún mọ́ra, wọn kò sì lè di ara wọn mú ṣinṣin. Ohun tó mú kí ọ̀rá rọ̀ nìyẹn. Ti kẹ́ẹ̀gì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ka. Wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí, ike náà sì le. Èyí tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1933, wọn kò tilẹ̀ wá a. Ọdún 1953 ni Karl Ziegler, ará Jámánì, rí ọ̀nà tó rọrùn láti ṣe èyí tó le.

Ti PVC, irú ike mìíràn, tún yàtọ̀. Kílórínì ara ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń mú kí wọ́n fa ara wọn mọ́ra, ni páìpù omi fi le gbagidi. Àmọ́ PVC náà ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀sì àti àpò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn. Irú òróró kan ni wọ́n pò mọ́ ọn, tó há sáàárín àwọn ẹ̀wọ̀n tó sì jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn. Òróró yìí kò so mọ́ ike náà. Ooru àti epo inú oúnjẹ lè fà á jáde, nítorí náà ẹ má fi ike rírọ̀ tí wọn kò ṣe fún oúnjẹ gbé epo tàbí ọbẹ̀.

Ooru ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Ìgò ike tí wọ́n ń ta omi sí kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 250°C, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 70°C ni àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìdí tó fi ń súnkì nìyẹn bí a bá da omi híhó sínú rẹ̀. Ọ̀rá tí àwọn kan fi ń se mọ́ínmọ́ín máa ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C, omi híhó sì ti tó 100°C. Ewé tàbí agolo ló dára jù, ó tilẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí oúnjẹ gbígbóná bá máa wọ inú ike, ẹ yí abọ́ náà dé, kí ẹ wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀. Ẹ wá 5, polypropylene, tí kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 160°C. Bí ẹ bá rí 1 tàbí 4, nǹkan tútù ni kí ẹ fi sí i.