Wíwá Ìwé Nínú Àká Ìmọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti béèrè ni a ó ti dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹni tí ó ń wá ìwé nínú àwọn àká ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú African Journals OnLine tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Púpọ̀ nínú irú àká bẹ́ẹ̀ ni kì í wo ìtumọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń wá lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Festac Town, ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ìtàn rẹ̀ bá tẹ “Festac Town” nìkan, ìwé tí ó pè é ní “Festival Town” tàbí “Festac Village” lè fò ó dá. Kí ó fi OR so àwọn orúkọ náà pọ̀, nítorí OR ń gba èyíkéyìí nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ ilé ni ó ń wádìí, kí ó fi AND so “housing” mọ́ ọn; AND kò gba ìwé tí kò bá ní méjèèjì.

Ti èdè Yorùbá tún le ju èyí lọ. Bí a bá tẹ “oko” láìsí àmì, oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ ojú omi lè dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá sì fi àmì sí i, ìwé tí a kọ láìní àmì lè fara pamọ́. Àní lẹ́tà “ọ́” kan ṣoṣo, ọ̀nà tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àká tí a kò tò dáadáa yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ńlá lórí èdè wa ṣe lè wà nílẹ̀, kí a sì wí pé kò sí.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣeé fi kọ́ni láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. National Open University of Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì ní 1984, tí a sì tún jí dìde ní 2002, ti fi hàn pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jìnnà síra wọn kí ẹ̀kọ́ sì máa lọ. Ṣùgbọ́n iná a máa lọ, dátà sì wọ́n. Nítorí náà kí olùkọ́ kọ ẹ̀kọ́ ní ṣókí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí ó sì kọ iye ìwé tí ó rí sílẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò kọ́ ọ ju àlàyé lọ: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.