Àyẹ̀wò ilé àyágbé ní Ẹdẹ

Àyẹ̀wò ilé àyágbé ni bíbẹ ilé tí ènìyàn yá gbé wò láti mọ ipò tí ó wà. Onílé tàbí ajẹ́ńtì rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe é. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, nítorí pé àárín ìlú ni wọ́n ti ń yá yàrá gbé.

Ohun tí òfin sọ

Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ará ìlú àti ilé rẹ̀. Ẹni tí ó ti san owó ilé ni ó ni ìlò yàrá náà títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Onílé kò gbọdọ̀ já wọlé nígbà tí ó bá wù ú.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin ilé gbígbé tirẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ayálégbé gba onílé láàyè láti wo ilé, ṣùgbọ́n kí onílé kọ̀wé ṣáájú, kí ó sì wá ní ojú ọ̀sán. Òfin Èkó kò de Ẹdẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé àdéhùn sọ iye ọjọ́ tí onílé yóò fi kéde àti wákàtí tí ó lè wá.

Ìgbà mẹ́ta tí àyẹ̀wò ń wáyé

* Kí a tó kó wọlé: ayálégbé àti onílé yóò jọ wo páànù, ìlẹ̀kùn, wáyà iná, kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn yóò wo mítà bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Ó dára kí a ya àwòrán ohun tí ó ti bàjẹ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.
* Nígbà tí a ń gbé inú rẹ̀: ara ilé ni onílé wá wò, kì í ṣe ẹrù inú àpótí.
* Nígbà tí a bá ń kó jáde: a ó fi ipò ilé wé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀dà tí ó ṣá nítorí ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi ayálégbé. Ìlẹ̀kùn tí ó fọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀, a lè yọ owó àtúnṣe ohun tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú owó tí ó fi sílẹ̀.

Wolé-wolé

Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti ń pe òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ni orúkọ iṣẹ́ náà lónìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gọ́tà, pàǹtí àti omi tí ẹ̀fọn lè yé sí ni wọ́n ń wò, wọ́n sì lè fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀. Ayálégbé lè béèrè káàdì ìdánimọ̀ wọn kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ó sì yẹ kí ó tètè fi ìwé náà han onílé, nítorí pé àtúnṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí gọ́tà sábà máa ń ju agbára ayálégbé lọ.