Ẹ̀gẹ́ Ìbàràpá àti Ẹ̀gẹ́ Táílándì: Ohun Tí Ó Ń Sọ Ìkórè Di Owó

Ní Láńlátẹ̀ àti káàkiri ìlú méjèèje Ìbàràpá, ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí àgbẹ̀ gbójú lé jù. Òun ni a fi ń ṣe gàrí, fùfú àti láfún. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń tà láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Nàìjíríà ni ó ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, nǹkan bí mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ́dún, èyí tí ó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀gẹ́ ayé. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè Táílándì ní ilẹ̀ Éṣíà, tí ìkórè tirẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì tiwa lọ, ni ó ń ta ohun tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe sí òkèèrè jù lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa sì ń ra sítáàṣì láti òkè òkun. Kí ni ó fa èyí? Báwo ni ó ṣe kan àgbẹ̀ Láńlátẹ̀? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí.

Ìdí tí a fi ń gbìn ín

Ní Nàìjíríà, jíjẹ ni a ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ wa. Èyí kì í ṣe àbùkù. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ara rẹ̀. Ní Táílándì, ìrẹsì ni oúnjẹ wọn. Títà ni wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ fún. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń rà á wà nítòsí oko. Bí àgbẹ̀ bá gbé e dé ibẹ̀, wọn kì í wo ìwúwo rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ bí sítáàṣì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, èyí sì ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Àgbẹ̀ tí ó gbin irú tí ó dára, tí ó sì jẹ́ kí ó gbó dáadáa, ń rí èrè sùúrù rẹ̀ gbà.

Ìkórè orí ilẹ̀ náà yàtọ̀. Hẹ́kítà kan ní Táílándì ń mú nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Tiwa kì í sábà tó 10. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Ìbàràpá ṣá. Irú ẹ̀gẹ́ tí a ń gbìn, ajílẹ̀ àti ìtọ́jú oko ni ó fà á. Kasetsart 50, irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mú jáde ní Táílándì ní 1992, ti tàn ká oko wọn. Àwa náà ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn láti 1967, tí ó ti mú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè ràn jáde. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ó kù kí ọ̀pá ẹ̀gẹ́ náà dé oko gbogbo àgbẹ̀.

Ewu ọjà kan ṣoṣo

Àmọ́, Táílándì náà ti rí ìṣòro. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yúróòpù ni ó ń ra ẹ̀gẹ́ wọn, tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ní 1982, wọ́n fi àdéhùn dín iye tí ó lè wọlé kù. Ní 1992, Yúróòpù yí ìlànà iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ padà, owó ọkà tiwọn wálẹ̀, ẹ̀gẹ́ Táílándì kò sì tà níbẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ohun tí ó yọ wọ́n ni pé wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ sítáàṣì, wọ́n sì rí oníbàárà ńlá mìíràn ní Ṣáínà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́nà mìíràn. Ní 2002, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò ìdàgbàsókè ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gbìn ín. Ilé-iṣẹ́ tí yóò rà á kò pọ̀ tó, nítorí náà owó rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà ìkórè. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí: bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, gbogbo ènìyàn á gbìn ín, ní oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn á hú u lẹ́ẹ̀kan náà, owó á sì wálẹ̀. Àwọn mìíràn á pa á tì, yóò sì tún wọ́n.

Àwọn aládùúgbò wa

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, gàrí ìlú Savalou gbajúmọ̀ débi pé àwọn oníṣòwò ń fi orúkọ ìlú náà bèèrè rẹ̀. Yíyan tí ó gbẹ dáadáa àti ìmọ́tótó ni ó fún un ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Gàrí Ìbàràpá lè ní orúkọ tirẹ̀. Àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, tí òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, fẹ́ mú kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rọrùn láti gbé kọjá ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ẹnubodè lè tì, bí ti Nàìjíríà ti tì láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Ìdí nìyí tí ọjà ilé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìmọ́tótó kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Oògùn tí àwọn díẹ̀ lò láìbìkítà ti ọjà mọ́ gbogbo ènìyàn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀gẹ́ tútù kì í tó ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ omi. Ẹni tí ó bá ń kó o láti Láńlátẹ̀ lọ sí Èkó ń san owó ọkọ̀ lórí omi. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ ni ó ń di tọ́ọ̀nù kan gàrí. Nítorí náà, a rọ àwọn àgbẹ̀ wa pé:

Ẹ mọ ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì bá a sọ iye àti àkókò.

Ẹ má ṣe gbìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pín in sí ìgbà mélòó kan, kí ìkórè má baà dé papọ̀.

Ẹ kó ara yín jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra ẹ̀rọ ìrin àti ẹ̀rọ ìfúnmi, kí ẹ̀gẹ́ lè di gàrí tàbí láfún nítòsí oko. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ sá láfún lórí ohun tí ó mọ́, kì í ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀.

Ẹ bèèrè ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí ó dára àti ìmọ̀ràn ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá ní Èrúwà, tàbí lọ́wọ́ OYSADA, àjọ ìdàgbàsókè òwò iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

A ti ń kórè ju gbogbo ayé lọ. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí iye tí àgbẹ̀ ń mú lọ sílé bá iye tí ó hú mu.