Oká Ń Lọ, Sèbé Ń Wọlé: Àwọn Ejò Olóró Inú Oko Wa

Àgbẹ̀ tó bá ń já kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé ilẹ̀ ló yẹ kí òun kọ́kọ́ wò, kí òun tó gbójú sókè wo igi. Ewé kòkó gbígbẹ a máa bo ilẹ̀ oko jìngbìnnì, àwọ̀ ẹ̀yìn oká sì jọ ewé náà débi pé ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé e kó tó mọ̀ pé ejò ni. Oká kì í sáré sá. Ibi tó bá ká jọ sí ni yóò wà, tí yóò máa retí kí eku tàbí okété gba iwájú rẹ̀ kọjá. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kò sí ejò mìíràn láyé tí tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tàbí gbá a mú, ó ṣọ̀wọ́n kó bù ú jẹ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá ti ṣán igbó tán, ejò ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ejò kan lọ, òmíràn dé.

Kòkó ló jẹ́ kí oká pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí oko kòkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, abẹ́ òjìji igi ńláńlá ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ewé rẹ̀ nípọn, eku sì pọ̀ níbẹ̀. Lójú oká, igbó ṣì ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá hú kòkó tó ti gbó, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo dípò rẹ̀, oòrùn á kan ilẹ̀, ewé á tán, oká kò sì ní ibi tí yóò lúgọ sí mọ́. Àwọn ọdẹ náà kò sì jẹ́ kó sinmi, nítorí ẹran rẹ̀ ń tà.

Ti sèbé yàtọ̀. Ejò tí ń tu oró sójú ènìyàn yìí fẹ́ràn ibi tí oòrùn ti ń wọlẹ̀. Eku tó ń jẹ àgbàdo nínú àká, ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹyin àti òròmọdìẹ, oúnjẹ ni gbogbo wọn. Àgbẹ̀ ló sè é, sèbé ló wá jẹ ẹ́! Oró tó bá tu lè fò ju mítà 2 lọ. Bó bá bá ojú, omi tó mọ́ ni kí á fi fọ̀ ọ́ dáadáa, kí á sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kì í ṣe epo tàbí àgbo.

Luca Luiselli, onímọ̀ ará Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Godfrey Akani, ọmọ Nàìjíríà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ejò ìhà gúúsù Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé bí igbó ti ń di oko ni sèbé ń gbilẹ̀ sí i, nígbà tí ìbátan rẹ̀ dúdú tó fẹ́ràn igbó àti etí omi ń rọ̀ mọ́ ìwọ̀nba igbó tó kù. Ní 2010, ìwádìí kan tí Luiselli bá wọn ṣe kó ìròyìn àwùjọ ejò 17 jọ láti orílẹ̀-èdè 5, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Mọ́kànlá nínú àwùjọ wọ̀nyí ló ti dín kù gan-an, pàápàá àwọn ejò tó máa ń lúgọ sójú kan bí oká.

Nínú oko, ibi tí ọkọ́ kì í dé ni ejò ń fi ṣe ilé: òkìtì ọ̀gán, ihò okété, ààlà oko tí a kò ro, etí àkùrọ̀, ìdí ọ̀pẹ tí imọ̀ gbígbẹ wó jọ sí. Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, paramọ́lẹ̀ ló gba ipò oká. Ó sanra, ó sì máa ń wú, tí yóò máa mí fíì-fíì bí a bá sún mọ́ ọn. Mámbà aláwọ̀ ewé ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Orí igi ló ti ń dọdẹ ẹyẹ.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ aporó ló yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ọ̀kan nínú èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà, EchiTAb-Plus-ICP, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é. Oró ejò 3 ni wọ́n ṣe é fún: sèbé, paramọ́lẹ̀ ọ̀dàn, àti ejò kékeré ìhà àríwá tí ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ gbora kó lè dún, èyí tó ń kó ọ̀pọ̀ èrò lọ sí ilé ìwòsàn Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe. Oká àti mámbà kò sí nínú mẹ́ta náà. Nítorí náà, kí ẹni tí ejò bù jẹ rántí bí ejò náà ṣe rí, kó lè ṣàlàyé fún dókítà, ṣùgbọ́n kó má ṣe lé e kiri láti pa á. Kò gbọdọ̀ fi abẹ sín ojú ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ fi okùn dì í pinpin. Kó bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú, kó má ṣe gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà kiri, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà gbé e lọ kíá.