Bí Abẹ́ Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Bá Ń Han: Ohun Tó Yẹ Kí Awakọ̀ àti Ọlọ́kọ̀ Mọ̀

Lójoojúmọ́ ni àwọn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ń kó ẹ̀wà, gàrí, iṣu àti tòmátì jáde ní ọjà Bódìjà lọ sí Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge. Púpọ̀ nínú wọn ti pẹ́ lójú pópó. Peugeot 504, irú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọdún 1975, àti Toyota Hilux àtijọ́ wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti bọ́ sí kòtò, igbe a máa jáde láti abẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a sì da ọ́ìlì sí i kí ariwo náà lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó pa ariwo yìí lẹ́nu mọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó ń fa ariwo náà

Ní ẹ̀yìn irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, sípíríǹgì oníbíléèdì ló ń gbé ẹrù. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni àwọn bíléèdì náà, a tò wọ́n lé ara wọn, bóòtù kan gba àárín wọn kọjá, yúbóòtù sì dè wọ́n mọ́ irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Èyí tó gùn jù nínú wọn ní ojú ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Inú ojú náà ni búṣìn onírọ́bà ń gbé. Nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ wọ́n, tàbí tí táyà bá bọ́ sí kòtò, àwọn bíléèdì a máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò bá ti wọ àárín wọn, tí wọ́n sì dípẹtà, wọn kò ní lè yọ̀ mọ́ láìhan. Búṣìn tó ti gbó náà a máa han.

Bí a ṣe lè rí ibi tó ti ń dún

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà. Kí ẹnì kan máa tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa fi í sílẹ̀. Kí ẹnì kejì máa tẹ́tí. Ẹni yìí lè rọra gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, láì ki ìka bọ àárín irin, nítorí ibi tó ń dún yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ariwo tín-ín-rín, kíì-kíì, sábà máa ń jẹ́ ti irin tàbí rọ́bà tó gbẹ. Bí ó bá ń dún kò-kò-kò, ó ṣeé ṣe kí bóòtù ti tú, kí ṣọ́ọ̀kù ti kú, tàbí kí búṣìn ti jẹ tán.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà dànù. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sókè, kí ó sì fi irin ìdúró tó lágbára gbé e ró, kí táyà ẹ̀yìn lè rọ̀ sílẹ̀. Èyí ni yóò mú kí àárín bíléèdì là díẹ̀ tí gírísì yóò fi wọlé. Gírísì tó ní gíráfáìtì nínú dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Ẹ má ṣe da dísù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò sí i. Ariwo lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ́ìlì a máa mú kí rọ́bà búṣìn wú, kí ó sì jẹrà. Eruku a sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá pààrọ̀ búṣìn onírọ́bà, a kò gbọdọ̀ fún bóòtù rẹ̀ pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Kí táyà kọ́kọ́ balẹ̀, kí sípíríǹgì gbé ìwúwo ọkọ̀, kí a tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tuntun náà yóò lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Ibi tí gírísì kò lè ràn wá lọ́wọ́

Ẹ wò ó bóyá bíléèdì kan ti sán, bóyá ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí ẹrù, tàbí bóyá ṣọ́ọ̀kù ń jo. Bí táyà ẹ̀yìn kò bá sí lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti iwájú mọ́, ó ṣeé ṣe kí bóòtù àárín ti kán. Ọkọ̀ tó bá ní èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ gbé ẹrù títí a ó fi tún un ṣe. Bí táyà ẹ̀yìn bá yẹ̀ kúrò nípò nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, kì í ṣe ẹrù nìkan ni yóò ṣòfò. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kadà tó wà nítòsí lè bá a lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó bíléèdì tó kán pọ̀, nítorí iná a máa ba líle irin náà jẹ́, yóò sì tún kán. Bákan náà, fífi bíléèdì kún bíléèdì kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù sí i léwu: búréèkì àti táyà kò lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ọjà Àràrọ̀mí tó wà ní Gate, a lè rí ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun àti tòkunbọ̀. Ó sàn kí búṣìn, yúbóòtù àti ṣọ́ọ̀kù jẹ́ tuntun, kí a sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ọ̀tún pẹ̀lú ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́, kí mẹkáníìkì tún yẹ yúbóòtù wò bóyá wọ́n ṣì le.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Àwọn òṣìṣẹ́ VIO ló ń ṣàyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó, ṣùgbọ́n láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, ọwọ́ awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ ni ìtọ́jú wà. A rọ gbogbo wọn kí wọ́n máa yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lóṣooṣù, pàápàá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ọyẹ́.