Ẹwà ilé kì í ṣe ti olówó nìkan: Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀, tí a ti fẹ́ gbàgbé
Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó lọ sóko, ẹni tó lọ sọ́jà, ẹni tó wọ mọ́tò lọ sí Èkó, ilé ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé yàtọ̀ sí ilé. Ilé kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ń wò ó lókèèrè ni ara yóò ti máa tù ú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀ tán, ibi tí yóò gbà jáde ni yóò máa wá.

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Gbọ̀ngán tó ń lọ sí Òṣogbo, bó bá ti kọjá Òde-Òmu, yóò gba Sẹ́kọ̀nà kó tó dé Akọ́dà àti Ẹdẹ. Ìlú ojú títì ni Sẹ́kọ̀nà. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku kì í fi ògiri ilé lọ́rùn sílẹ̀. Oríṣi ilé mẹ́ta tó wà ní gbogbo ìgbèríko wa ló wà lágbègbè yìí náà: ilé búlọ́ọ̀kù tuntun tí wọ́n kùn lọ́dà, ilé búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́ nítorí pé owó ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, àti ilé alámọ̀ àtijọ́ tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n.

Àwọn ilé alámọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ìdí ni pé àwọn kan wà nínú wọn tí ògiri wọn ṣì ń dán, tí iwájú wọn mọ́ tónítóní, tí ewéko tútù sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kí àlejò. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé òjò ti jẹ ìdí ògiri wọn wọnú, tí igun kan ti ń fì. Ọdún tí wọ́n kọ́ méjèèjì lè má jìnnà síra, amọ̀ kan náà sì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá kò ju ọwọ́ lọ. Èyí tó dúró ni ọwọ́ èèyàn ń kàn lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí a ń lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ àṣejù, pé ó di ìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù lápò. Lójú àwọn ìyá wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ilé lẹ́wà náà ni iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ilé wó.

Rírẹ́ ilé àti pípa ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá ti dẹwọ́, àwọn obìnrin agbo ilé á kó ara wọn jọ. Àwọn ọmọdé á pọn omi wá. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n á wá bótò, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ sára ògiri, tí wọ́n á sì máa fi í pa ilẹ̀ yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá fẹ́ máa gbẹ, wọ́n á fi òkúta dídán ra á títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Orin ni wọ́n máa ń kọ sí i, wọ́n á máa bú ara wọn ṣeré, iṣẹ́ náà á sì dà bí ọdún.

Ọmọ ilé ìwé tó bá gbọ́ pé bótò ni wọ́n fi ń pa ilẹ̀ lè fi ẹ̀rín sí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Koríko tí màlúù jẹ, èyí tó ti lọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ló máa ń di amọ̀ mú kó má baà sán. Bákan náà ni omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá ṣe, igi tí à ń rí irú lára rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ èèpo náà sómi tàbí tí wọ́n sè é, omi rẹ̀ á pọ́n dòdò. Bí wọ́n bá dà á sórí amọ̀ tó ti gbẹ, á mú un le, kò sì ní jẹ́ kí omi òjò tètè wọ̀ ọ́.

Àwa nìkan kọ́ la ní ọgbọ́n yìí. Ní Tiébélé, lórílẹ̀-èdè Burkina Faso, nítòsí ẹnubodè Ghana, ọkùnrin ló ń mọ ilé, obìnrin ló sì ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Pupa, dúdú àti funfun ni àwọ̀ tí àwọn obìnrin ẹ̀yà Kasena ibẹ̀ ń lò, omi èèpo igbá ni wọ́n sì fi ń kùn ún kẹ́yìn kí òjò má baà fọ̀ ọ́ dànù. Lọ́dún 2024, àjọ UNESCO fi ààfin Tiébélé sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ilé amọ̀ ni o. Amọ̀ tí àwa ń tijú rẹ̀ yìí ni àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wò.

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà

Láti Sẹ́kọ̀nà, ọ̀nà wà tó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá gba ibẹ̀, a óò bá ẹ̀rí pé ìfẹ́ ẹwà ilé ti pẹ́ lára Yorùbá. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá ilé wọn. Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ àpáàdì náà dúró, wọ́n á tò ó mọ́ra wọn ní ìlà ní ìlà, bí ẹni ń hun ẹní. Àpáàdì ìkòkò tó ti fọ́ ni o, ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó dà sí ààtàn! Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ àwọn ọ̀nà ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ràn ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí.

Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà, ojúbọ Òrìṣà Ìkirè wà, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń ya ògiri tuntun lọ́dọọdún kí ọdún òrìṣà náà tó dé. Òjò ọdún kan á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un yà. Ẹfun, èédú àti ilẹ̀ pupa wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù nínú wọn. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ ya àwòrán.

Ẹdẹ tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin Austria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Ẹdẹ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, Ulli Beier, gbé kí wọ́n tó kọjá sí Ìlobùú àti Òṣogbo. Ní Ẹdẹ ló ti pàdé Ajágẹmọ, olórí àwọn ọlọ́bàtálá. Nígbà tó yá, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan lọ́nà Ìbòkun ní Òṣogbo ló fi ṣe ibùgbé. Kò wó o, kò sì sọ ọ́ di ilé tuntun. Ó fi ọnà kún un títí tó fi kú lọ́jọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Igbó Ọ̀ṣun tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún ṣe wọ ìwé UNESCO lọ́dún 2005.

Sìmẹ́ńtì dé, ọwọ́ obìnrin kúrò

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa? Lọ́dún 1960, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sìmẹ́ńtì wá sún mọ́ni, ẹni tó bá rówó rà á sì di ọ̀làjú. Ohun tó dáa ni, a ò bú u. Ṣùgbọ́n bí sìmẹ́ńtì ṣe dé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rírẹ́ ilé kúrò lọ́wọ́ ìyá, tó bọ́ sọ́wọ́ bíríkìlà. Iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́wàá ń fi orin ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ di iṣẹ́ tí a ń fi owó bẹ̀. Ìgbà tí owó ò sí, iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí iṣẹ́ dúró, òjò ò dúró.

Àṣìṣe kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kí ó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe díẹ̀, sìmẹ́ńtì á sán, omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri á sì máa rà láti inú. Lọ́jọ́ kan, sìmẹ́ńtì náà á já lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Amọ̀ la ó máa bú, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì tó sé e mọ́ ló jẹ̀bi.

Ohun tí ẹ lè ṣe láìná owó rẹpẹtẹ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi amọ̀ tí ẹ ti pò dáadáa dí ibi tí òjò ti jẹ, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kó gba ibòmíràn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Yàrá àtijọ́ máa ń ṣókùnkùn nítorí pé fèrèsé rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá fi ẹfun kun ògiri inú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wọlé á tàn dé gbogbo igun. Ẹ lè fi búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú ẹfun náà, á dà bí ojú sánmà àárọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ fẹ́ rà, ẹ bèèrè èyí tí kò ní òjé nínú, nítorí pé òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí bí ẹ bá ń ha ọ̀dà àtijọ́.

Ẹ wo ara ògiri pálọ̀. Kàlẹ́ńdà òkú ọdún mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ yọ èyí tó ti gbó kúrò, ẹ nu gíláàsì fọ́tò bàbá àti ìyá yín kó lè máa dán. Aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá díẹ̀ lè di aṣọ fèrèsé tó dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Níta, ẹ gbin nǹkan. Pèrègún kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: ẹ gé e lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Àjẹ́òfòlé náà dára níwájú ilé, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń yí ewé rẹ̀ padà, tí abẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkòkò lẹ fẹ́ gbin òdòdó sí, àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù kò jìnnà sí Sẹ́kọ̀nà. Ẹ rí i pé ìdí ìkòkò náà lu, kí omi má baà dúró síbẹ̀ kí ẹ̀fọn wá fi ṣe ilé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ayé àwọn wolé-wolé mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà náà, ẹ̀rù ìjọba ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ ìkòkò omi rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká máa fi ìdùnnú ṣe é báyìí.

Níparí, ẹ fi àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ẹni tó bá yà. Bí agbára bá wà, iná kékeré tí oòrùn ń gbé owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti jẹnẹrétọ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí ó tàn lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè á mọ̀ pé wọ́n ń retí òun.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà nígboro

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ pé ọmọ àwọn ń bọ̀ wá kọ́ ilé. Ọmọ náà sì ń fi tọkàntọkàn ṣe ìlérí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ọdún ń gorí ọdún, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kò tíì dé, ilé tó wà ńlẹ̀ ń wó lọ, ìyá sì ń gbé inú òkùnkùn. Ọmọ ọmọ tó wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ sùn níbẹ̀ mọ́. Bí ilé bàbá ẹni ṣe ń di ahoro nìyẹn. Àìwá ni yóò kọ́kọ́ dé, wíwó ni yóò tẹ̀ lé e.

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, ẹ wá ní ọjọ́ kan ṣáájú ọdún. Ẹ mú ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ gbé àga fún ìyá, kí ó jókòó, kí ó máa júwe bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ àti iye èèpo igbá tí wọ́n ń rẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ki ọwọ́ bọ amọ̀ náà. Bí ìyá bá lọ láìjúwe rẹ̀, ìwé tí a ó ti kà á kò pọ̀.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tiwa kò ní jó, kò sì ní wó, lágbára Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká bu ẹwà sí i báyìí, nígbà tó ṣì wà ní ìdúró.