Àwọn Iwin Ìgbòho Tó Di Eré

Ẹni tó bá jókòó ti fídíò Yorùbá lálẹ́ ní Ògbóòrò, tó ń wo babaláwo tó pòórá láàárín èéfín, lè máa rò pé Èkó ni irú àrà bẹ́ẹ̀ ti wá. Rárá o. Ìgbòho ni kó kọjú sí, àti igbó Ọ̀yọ́-Ilé tó wà lẹ́yìn Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Tápà ló kó Ọ̀yọ́-Ilé nígbà ayé Aláàfin Onígbogí. Ọba sá lọ bá àwọn Bàrìbá, àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì wá tẹ Ìgbòho dó. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin sí Igbó Ọba níbẹ̀. Nígbà tó kan Abípa, ó ní òun ń padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè nínú: wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ilé ọ̀hún rí. Ta ni yóò sì wo ojú Aláàfin kó ní òun kò lọ? Wọ́n dọ́gbọ́n. Wọ́n kó abuké, afín àti arọ lọ sórí òkè ní ahoro náà, pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú kí wọ́n máa gbé ògùṣọ̀ kiri, kí wọ́n máa ké, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè padà wá jíṣẹ́ pé iwin ti gba ìlú. Àṣírí tú sí Abípa lọ́wọ́. Ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà láàyè. Bó ṣe di Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin, nìyẹn.

Samuel Johnson ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé nílùú ọba, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò kó tó jáde ní 1921.

Èmi kì í ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Iná wà, ohùn wà, òǹwòran wà. Kìkì pé òǹwòran kò mọ̀ pé eré ni. Joel Adédèjì, tó fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò fi mọ lẹ́rìn-ín: ó ní ibẹ̀ gan-an ni eré alárìnjò ti ṣẹ̀, pé ọwọ́ Ológbìn Ológbojò ló ti di eré ààfin. Àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléré alárìnjò, kò sì yéé pe ara wọn ní ọmọ Ológbojò. Mo gbà á dé ìdajì. Ìtàn tó bá gún régé tó báyẹn máa ń kọ mí lóminú.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni ti 1826. Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì ṣeré fún un ní ààfin. Àwọn eléré wọ inú àpò, òjòlá yọ lẹ́nu àpò. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan jáde, ó funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó sì ń fín aṣáà. Àlejò tí wọ́n ń sín jẹ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀!

Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ìlú tú, igbó sì bò ó. Láàárín 1956 sí 1957 ni Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, wá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Nínú ihò àpáta Mejiro ni wọ́n ti rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n là bí abẹ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti gbé ibẹ̀ kí Aláàfin kankan tó jẹ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Willett gbẹ́lẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, tún hú àwọn iwin náà jáde. Ó ti gbé ìlù wọ inú orin ìjọ ní Òṣogbo, àwọn kan nínú ìjọ sì kọ̀ ọ́. Ìlù náà bá a dé gbàgede eré Mbárí Mbáyọ̀, níbi tó ti ṣe *Ọba Mọ́rọ̀* ní 1962. *Ọba Kòso* tẹ̀lé e, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964.

Hubert Ògúndé, eléré bíi tirẹ̀, ti ń tẹ̀lé àwọn alárìnjò láti kékeré. Nígbà tí òun àti Ọlá Balógun gbé fíìmù *Ayé* jáde ní 1979, ohun tí ọ̀jẹ̀ fi àpò ṣe lójú Clapperton, kámẹ́rà ni wọ́n fi ṣe é.